Ẹmu Kì í Ṣe Ògùrọ̀

Níbi ìdána ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Kabba, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn àna wa ti kó gbogbo ẹrù dé: iṣu, epo, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, ataare, gbogbo ohun tí ìwé béèrè. Wọ́n ti tò ó síwájú àwọn àgbà, alága ìdúró ń fi orin dá èèyàn lárayá, àwa tó wà lẹ́yìn sì ti ń fojú wá ibi tí ìkòkò ìrẹsì wà. Àfi bí bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa ṣe ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá fún òun nínú kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́. Wọ́n bù ú. Bàbá gbé ife súnmọ́ imú, kò tiẹ̀ fẹnu kàn án, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Ẹ̀yin àna wa, okun o," ó ní. "Ẹmu la kọ sínú ìwé. Ògùrọ̀ lẹ gbé wá."

Àwa ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣebí pámi náà ni gbogbo ẹ̀?" Ìyá mi yíjú padà, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ẹ mọ irú ojú yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú. Ìdí tí bàbá fi kọ̀ ọ́, màá dé ibẹ̀. Ohun tó ń jà mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà ni pé bóyá bàbá kàn ń wá ẹ̀sùn sí àna lẹ́sẹ̀ ni, àbí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwa ọmọ "pámi" ti sọ nù láìmọ̀.

Àwọn òyìnbó tó ń mu ọtí èso àjàrà kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Èso kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Riesling wà, wọ́n ń gbìn ín ní Jámánì, wọ́n ń gbìn ín ní Alsace lápá Faransé, odò Rhine ló sì là wọ́n láàárín níbì kan. Ọ̀tọ̀ ni bí àwọn kan ṣe fẹ́ ẹ, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn kejì: àwọn kan fẹ́ kó ní adùn díẹ̀, àwọn kan fẹ́ kó gbẹ lẹ́nu. Wọ́n á gbé imú sínú ife, wọ́n á ní èyí ń ta sánsán bí òdòdó, èyí ń run bí ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n kọ ìwé lé e lórí, wọ́n ń gba oyè nítorí rẹ̀. Bàbá tiwa tó fi imú lásán ya funfun méjì sọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rín la fi í rín.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ ya igi méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹmu, ara ọ̀pẹ ló ti ń wá, ọ̀pẹ tí gbogbo wa mọ̀, tó ń fún wa ní epo, àdí, ìgbálẹ̀ àti mọ̀rìwò. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ dé orí, á wá ibi tí òdòdó akọ ti ń yọ jáde láàárín imọ̀, á gé e, á fi nǹkan bíi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ darí omi rẹ̀ sínú agbè. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tún gùn ún. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tún gùn ún. Bó bá ń gé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, omi náà á máa sun. Tí òdòdó yẹn bá gbẹ, ọ̀pẹ ṣì wà níbẹ̀. Á sinmi, a ó sì tún padà sídìí rẹ̀ lọ́dún mìíràn. Ọ̀pẹ tí bàbá bàbá ẹnì kan dá, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè dá a. Ní Gánà, ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà: ńṣe ni wọ́n ń wó ọ̀pẹ náà lulẹ̀, wọ́n á dá ihò sí i lára, wọ́n á sì gba ẹmu rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá wó ọ̀pẹ nítorí ẹmu, àwọn àgbà á bi í bóyá orí rẹ̀ pé.

Ògùrọ̀ ní igi tirẹ̀, orúkọ kan náà la sì ń pe igi àti ọtí. Àbàtà àti etí odò ni ilé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ igi ń pè é ní Raphia, wọ́n sì sọ pé kò sí irúgbìn kankan láyé tí ewé rẹ̀ gùn tó ti ẹbí igi yìí. Ara rẹ̀ ni ìkó ti ń wá, tí a fi ń ṣe aṣọ eégún, tí a fi ń di nǹkan. Igi àárín imọ̀ rẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń ṣe àga, àkàbà àti àjà ilé kí pákó tó dé. Ohun tó ya igi yìí sọ́tọ̀ sí ọ̀pẹ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Á dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìso nǹkan kan, á máa kó agbára jọ sínú, lọ́jọ́ kan á yọ òdòdó, á so, á sì kú. Ẹni tó ń dá ògùrọ̀ gbọ́dọ̀ mọ àkókò. Bó bá yá jù, omi kò tíì sí níbẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, igi ti kó gbogbo rẹ̀ fún èso. Nígbà tí òdòdó bá fẹ́ yọ gan-an ló ń lọ gé góńgó orí igi náà, omi á sì máa ṣàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń pọ̀ ju ti ọ̀pẹ lọ lójúmọ́ kan. Tí omi bá tán, igi tán.

Nílẹ̀ Okun, igi méjèèjì jọ ń gbé ni. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Lokoja wọ Kabba á ti rí i bí ilẹ̀ wa ṣe rí: òkè olókùúta níbí, pápá oko lọ́hùn-ún, tó bá sì ti kan odò, igbó dúdú á dé lẹ́ẹ̀kan náà. A wà ní ibi tí igbó ti ń fẹsẹ̀ palẹ̀ fún ọ̀dàn. Ọ̀pẹ ń hù ní àfonífojì àti ẹ̀bá ilé, ògùrọ̀ ń hù níbi tí ẹsẹ̀ ti ń rì. Owé tó wà ní Kabba, Ìjùmú, Bùnú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo wa mọ méjèèjì. Àwọn Íbò ní ìlà-oòrùn ya tiwọn sọ́tọ̀ bákan náà: ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè ní nkwụ, igi ògùrọ̀ sì ni ngwọ, ọtí olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Ayẹyẹ ìgbéyàwó tí wọ́n ń pè ní ịgba nkwụ, nkwụ ló wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe ngwọ. Nígbà tí mo ronú kan ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú mìíràn wo bàbá wa.

Òórùn ńkọ́? Tí omi méjèèjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sun látara igi, kò funfun. Ó mọ́ gaara ni, ó dùn bí omi ṣúgà, ọmọ kékeré lè mu ún. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé nínú afẹ́fẹ́, lára ọ̀bẹ, àti jù lọ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù sísàlẹ̀ agbè, á bo adùn yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di ọtí. Funfun tí a ń rí yẹn, àwọn fúnra wọn ni: àìmọye ìwúkàrà tó lúwẹ̀ẹ́ sínú omi. Ìfófòó rẹ̀ ni atẹ́gùn tí wọ́n ń mí jáde. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọtí inú rẹ̀ lè ti tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, bíi ti bíà inú ìgò. Tí ilẹ̀ bá mọ́ bá a, ó ti ń kan. Tí a bá tún fi í sílẹ̀, ọtí kíkan pátápátá ló máa dà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí agbè méjì tó rí bákan náà. Adẹ́mu tí kì í fọ agbè rẹ̀ tán pátá kì í ṣe ọ̀bùn. Irúgbìn ọtí ló ń tọ́jú. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Olumbe Bassir wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti ẹmu pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwádìí ní àwọn ọdún 1960, láti mọ irú kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ìgbà tí olúkúlùkù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Èyí tí màá sọ yìí, imú tèmi ló sọ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn, kó mú un wá. Ẹmu àárọ̀ ń run bí òdòdó ọ̀pẹ fúnra rẹ̀, ó ní nǹkan kan bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù nínú, lẹ́yìn náà ni òórùn ìwúkàrà á tẹ̀ lé e. Ó wúwo lẹ́nu. Ògùrọ̀ fúyẹ́ jù ú lọ, ó tutù lẹ́nu, ó ń run bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àti bí etí odò láàárọ̀. Adùn rẹ̀ máa ń tètè kí ènìyàn, ó sì máa ń tètè lọ. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan ní aago méje àárọ̀, ògùrọ̀ ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ẹran ìgbẹ́ ti wà nínú ata, ẹ jọ̀ọ́, ẹmu.

Ẹ jẹ́ ká wá wọnú ìtàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa gbé pọ̀.

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí àwọn baba wa ń sọ, ẹmu ló mú kí Ọbàtálá sùn lọ lójú ọ̀nà, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ṣe. Títí dòní, àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ọ̀pẹ ni wọ́n ní ó gbẹ́nu lé nínú ìtàn náà. Tí ẹ bá wá sọ́dọ̀ àwọn tó fi yíǹkì kọ̀wé, Alvise Cadamosto, ọmọ ìlú Venice tó wọkọ̀ ojú omi dé agbègbè Senegal ní 1455, kọ nípa ọtí funfun tó ń sun lára igi, bí wọ́n ṣe ń fi agbè gbà á, àti bó ṣe ń pa ènìyàn tí kò bá la omi mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé àròkọ nípa pámi ti ju 500 ọdún lọ.

Nílẹ̀ Okun, ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kò dára fún ẹni tó fẹ́ jókòó mu ọtí. Ogun Nupe láti Bida ń kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìsìn, ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ ìlú gun orí òkè lọ, sáàárín àpáta níbi tí ẹṣin kò lè dé. Ẹ bá mi rò ó wò: ọ̀pẹ wà ní àfonífojì, ògùrọ̀ wà ní àbàtà, ènìyàn sì ń gbé orí àpáta. Ẹni tó ń lọ gbé agbè wálẹ̀ láàárọ̀ ní irú ayé bẹ́ẹ̀ kò lè dájú pé òun á padà wálé. Iṣẹ́ adẹ́mu, tí a ti ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí igbà tó lè já, tún wá ní ẹ̀rù kejì.

Ní January 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company tí Goldie kó jáde láti Lokoja gba ọ̀nà Kabba. Àwọn ọmọ ogun Nupe tó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ti sá lọ kí wọ́n tó dé. Kí oṣù yẹn tó parí, Bida fúnra rẹ̀ ṣubú. Ní ọjọ́ kìíní January 1900, Lugard gbé àsíá òyìnbó sókè ní Lokoja, ó ní Àríwá Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Bí Kabba ṣe di ara Àríwá nìyẹn, tí Èkìtì tó wà ní ìsọdá wa sì di ara Gúúsù.

Ìlà yẹn ṣe nǹkan sí ife ọtí wa. Àwọn ìjọba òyìnbó ti péjọ ní Brussels ní 1890, wọ́n sì ti fẹnu kò pé ibi tí ọtí líle òyìnbó kò bá tíì dé nílẹ̀ Áfíríkà, kí ó má dé ibẹ̀ mọ́. Lugard kórìíra jíìnì tí wọ́n ń kó wá tà nílẹ̀ adúláwọ̀, òfin sì kà á léèwọ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀ ní Àríwá. Ní Gúúsù, jíìnì ń wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí, owó orí rẹ̀ ni ìjọba fi ń jẹun. Nítorí náà, ẹbí méjì tó ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, òfin gba èyí tó wà lápá Òmùò láyè láti gbé ìgò jíìnì síwájú àna, èyí tó wà ní Kabba kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. (Ààlà kò jìnnà. Ohun tó ń gba inú igbó kọjá lóru, ẹ má bi mí.) Òfin náà kò kan ẹmu àti ògùrọ̀, torí ọtí tí wọ́n fi iná sè ló dojú kọ. Bí ọtí ilẹ̀ wa ṣe ráyè jókòó sórí àga rẹ̀ nìyẹn, òun, ògùrọ̀ àti ọtí ọkà, ní àwọn ọdún tí ìgò òyìnbó ti ń tì wọ́n kúrò níbòmíràn. Mo rò pé èyí wà lára ìdí tí bàbá kan ní Kabba fi lè fi imú mọ ẹmu yàtọ̀ lónìí, tí alága kan ní Èkó á sì kàn ní kí wọ́n gbé "ṣínáàpù" wá.

Ọ̀rọ̀ ààlà yẹn kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké ní 1957 àti 1958, ẹjọ́ àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kabba tó fẹ́ darapọ̀ mọ́ ìwọ̀-oòrùn wà lára ohun tí wọ́n gbọ́. Wọn ò yí ààlà náà padà. Ní 1967 a bọ́ sí ìpínlẹ̀ tó wá di Kwara, ní August 1991 wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Orúkọ "Okun" pàápàá tó so wá pọ̀, ìkíni wa ni: Eva Krapf-Askari, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ló dábàá ní 1965 pé kí wọ́n máa fi pe gbogbo wa, torí pé ẹnu gbogbo wa ló ti ń jáde.

Ìsìn náà fọwọ́ kan agbè. Ní 1908, Thomas Titcombe, ọmọ Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ́ ní Ìyàgbà. Láti inú iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì bíi tirẹ̀ ni ìjọ tí a mọ̀ sí ECWA lónìí ti jáde, ìjọ náà kò sì gba ọtí láàyè rárá, ìbáà ṣe ẹmu, ìbáà ṣe ògùrọ̀. Ní Kabba, ìjọ Kátólíìkì lágbára, wọn ò sì ka ọtí sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn kò bá ti yó. Ìdí nìyẹn tí ìdána ní ilé kan á fi ní kẹ́ẹ̀gì, tí ti ilé kejì, láàárín ìbátan kan náà, á jẹ́ málítì nìkan. Síbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rò pé ẹmu ráyè wọ ṣọ́ọ̀ṣì, rárá o. Òfin ìjọ Kátólíìkì sọ pé ọtí àjàrà nìkan ló lè wà nínú ife Máàsì. Àlùfáà lè mu ẹmu lábẹ́ igi lẹ́yìn Máàsì. Kò lè gbé e sórí pẹpẹ.

Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń sè é. Àwọn ìjọba òyìnbó ti fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye ní 1919 tó ka sísè ọtí líle nílẹ̀ Áfíríkà léèwọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Ní Benin wọ́n ń pè é ní sodabi, ní Gánà akpeteshie, níbí ògógóró. Níbi tí àbàtà pọ̀ sí, bíi Niger Delta àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ògùrọ̀ ni wọ́n ń sè jù, torí omi rẹ̀ pọ̀. Ìjọba ń lé àwọn tó ń sè é ká inú igbó, wọ́n ń fọ́ ìkòkò wọn. Nǹkan tó sún mọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ní 2015, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró tí mẹ́tánọ̀ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró lọ́dún yẹn. Ògógóró yàtọ̀ sí ẹmu bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru, àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá nílùú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ọtí ìbílẹ̀ bíi májèlé.

Nínú ìwé, ẹmu ló gbayì ju ògùrọ̀ lọ. Amos Tutuola gbé ìtàn ọ̀mùtí rẹ̀ jáde ní London ní 1952. Baba ọ̀mùtí náà fún un ní oko tó ní 560,000 igi ọ̀pẹ, adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú, gbogbo ìrìn-àjò ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ṣe eré orí ìtàgé ní 1963, ó pè é ní Ọ̀mùtí. Ìtàn yẹn kò bá má ṣeé sọ tó bá jẹ́ ògùrọ̀ ni. Igi ògùrọ̀ kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀, inú ẹrẹ̀ rírọ̀ ló sì dúró sí; ẹni tó bá já bọ́ á dìde, á gbọn ẹrẹ̀ dànù, á sì máa bú.

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n gbìyànjú láti kó funfun yìí sínú ìgò. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba ní Oṣòdì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ṣiṣẹ́ lórí bí ẹmu ṣe lè pẹ́ láìkan. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá ìlú Benin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, náà ń ṣe ẹmu inú ìgò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rọrùn: wọ́n á fi ooru ìwọ̀nba pa ìwúkàrà, ọtí á dúró síbi tó dé. Mo ti mu ú. Kò burú. Ṣùgbọ́n òórùn òdòdó yẹn ti lọ, ìfófòó náà ti lọ, ó sì dà bí ẹni pé mò ń wo fọ́tò ẹnì kan tí mo mọ̀. Bí a bá pa ohun tó ń sọ ẹmu di ẹmu nítorí kó má bàa kan, mi ò mọ ohun tí a tọ́jú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ògùrọ̀. Ọ̀pẹ ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún un: epo wọ́n lọ́jà, ilé ìwádìí wà fún un, àwọn ènìyàn ń gbìn ín. Ta ló ń gbin ògùrọ̀? Fúnra rẹ̀ ló ń hù. Tí wọ́n bá sì dá a kó tó so, kò fi ọmọ sílẹ̀. Láyé àtijọ́ tí àbàtà pọ̀ tí ènìyàn kò pọ̀, èyí tí wọ́n fojú fò ń so, ó ń rọ́pò àwọn tó kú. Nísinsìnyí wọ́n ń ro àbàtà fún ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n ń kọ́lé súnmọ́ etí odò. Ibi tí mo mọ̀ ní kékeré lójú ọ̀nà oko wa, tí a ti máa ń já imọ̀ rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ìṣeré, ọgbà tòmátì ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn tó ń tà á lójú títì kò sì ràn án lọ́wọ́: omi kún inú kẹ́ẹ̀gì, adùn àtọwọ́dá inú ọ̀rá wọ inú omi, kí wọ́n tó fi ife lé wa lọ́wọ́ ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹmu, kì í ṣe ògùrọ̀. Pámi ni lóòótọ́.

Mo ní màá dé orí ìdí tí bàbá fi kọ̀ ọ́. Nígbà tí alága ìjókòó bẹ̀ ẹ́ títí, bàbá ní, "Ọ̀pẹ tí a dá lónìí, a ó tún dá a lọ́dún tó ń bọ̀. Ògùrọ̀ tí a dá, ó ti kú. Ṣé ọtí igi tó ti kú lẹ fẹ́ fi gbé ọmọ wa lọ?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu baba rẹ̀ ni àbí ìjókòó yẹn ló ti rò ó. Àwọn àgbà tó kù nínú ẹbí wa ń wo ara wọn. Ìyá àgbà kan nínú àwọn àna wa ló dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí a dá a, bí a ò dá a, ọjọ́ tó bá so èso ló ń kú. Ohun tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó pa mọ́ de ọmọ rẹ̀ la gbé wá fún yín yìí."

Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé ife náà, ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ló wá ní ìwé ṣì jẹ́ ìwé, kí wọ́n rán ọlọ́kadà lọ ra ẹmu wá. Kí ọlọ́kadà tó dé nírọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀gì ògùrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbẹ, ìyàwó ti wọ aṣọ kẹta. Wọ́n bu ẹmu náà fún bàbá. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó fajú ro, ó ní wọ́n ti bu omi sí i.